Bí Jàǹbá Átọ́míìkì Bá Ṣẹlẹ̀ Lókèèrè, Kí La Ó Sọ Fún Ará Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, Ṣàngótẹ̀dó

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí a sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wá. Bí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì bá bú gbàmù ní ilẹ̀ òkèèrè, ta ni ó yẹ kó sọ fún wa, kí ni ó yẹ kó sọ, kí sì ni àwa náà yóò sọ fún ẹlòmíràn? Ẹnì kan lè wí pé, "Ṣàngótẹ̀dó rèé. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì. Kí ló pa wá pọ̀ mọ́ átọ́míìkì?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà. Láti ibẹ̀ dé Èkó lé ní 2,000 kìlómítà. Ṣùgbọ́n àsìkò ọyẹ́ ni, ẹ sì mọ̀ pé atẹ́gùn ọyẹ́ tó ń gbé erùpẹ̀ Sàhárà wá bá wa kì í dúró ní ẹnubodè gba ìwé ìrìnnà. Àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn ní Èkó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Nàìjíríà láti wọn ohun tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀. Nígbà tí Faransé tún yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún náà, a ti gba òmìnira. Ní oṣù kìíní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú, ó sì ti èbúté wa mọ́ ọkọ̀ òkun Faransé. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ṣe nínú aṣálẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté Èkó.

Lónìí ńkọ́? Ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì wà ní Koeberg, ní Gúúsù Áfíríkà. Ní Ukraine, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà gba ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Zaporizhzhia ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìbọn sì ti dún ní àyíká rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ ń tan ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìjọba bá dákẹ́

Ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Chernobyl bú gbàmù ní Ukraine, tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Pripyat ni ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti ìdílé wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó kó wọn kúrò. Ní ọjọ́ 28, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Forsmark ní Sweden figbe ta nítorí ìtànṣán olóró tó wà lára bàtà òṣìṣẹ́ wọn kan. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìjọba Soviet tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tiwa òṣìṣẹ́, wọ́n ṣì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yan lójú pópó Kiev pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn ọmọdé ń mu mílíìkì tí áyódíìnì olóró ti wọ̀. Áyódíìnì yìí a máa lọ jókòó sínú ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn, èyí tí oníṣègùn ń pè ní thyroid. Nígbà tó ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ló ní jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ yìí. Bí ẹnì kan bá ti tètè sọ fún gbogbo ìyá pé, "Ẹ má fún ọmọ ní mílíìkì yìí," ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá ti bọ́.

Ọdún náà gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé lábẹ́ àjọ IAEA ní Vienna, tí wọ́n sì ṣe àdéhùn pé ẹni tí jàǹbá átọ́míìkì bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ tètè kéde fún àwọn tí ó lè kàn. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà.

Nígbà tí àhesọ bá gbòde

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Jàpáànù, omi òkun ya wọ ìlú, ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Fukushima sì bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, iṣẹ́ tẹ̀lífóònù kan ti gba gbogbo Philippines. Wọ́n fi orúkọ BBC bò ó. Ó ní kí ènìyàn má jáde bí òjò bá rọ̀, kí wọ́n sì fi oògùn egbò pa ọrùn. Irọ́ ni. BBC kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Síbẹ̀, yunifásítì kan ní Manila dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé. Ní Ṣáínà, àwọn ènìyàn ya bo ọjà, wọ́n ra iyọ̀ tán lórí àtẹ, nítorí wọ́n gbọ́ pé áyódíìnì inú iyọ̀ yóò gbà wọ́n. Áyódíìnì inú iyọ̀ kéré jù, kò lè dí ohunkóhun. Ẹni tó bá sì jẹ iyọ̀ púpọ̀ ń wá àìsàn mìíràn kún tirẹ̀.

Ẹ má fi ará Ṣáínà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, iṣẹ́ tẹ̀lífóònù kan jáde pé kí a fi omi gbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń jí ara wọn lóru? Àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pa wọ́n. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mu omi iyọ̀ kò lè dúró de ọjọ́ náà.

A ò tíì gbàgbé ti Ìkẹjà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ibi tí àwọn ológun ń kó bọ́ǹbù sí gbiná, ó sì ń dún láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Àwọn ará Èkó kò mọ̀ bóyá ogun ni tàbí ìfipágbàjọba. Wọ́n sá lọ nínú òkùnkùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì kó sínú odò Òkè-Àfà, wọ́n bómi lọ. Bí wọ́n bá ti tètè gbọ́ ohun tó ń dún àti ibi tó yẹ kí wọ́n gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì bá dé etí odò yẹn.

Ohun tí a ń béèrè

Ẹ̀yin ará, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn bí Jàpáànù, kì í ṣe ìtànṣán olóró ni yóò kọ́kọ́ dé Ṣàngótẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 2011, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ káàkiri ayé rí àmì Fukushima ní ibi tó jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní nǹkan. Fún àwa tí a wà lọ́nà jíjìn, ohun tó yẹ kí a ṣọ́ jù ni oúnjẹ àti ẹrù tó ń gba èbúté wọlé.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba nìyí. Àjọ NNRA ni òfin ọdún 1995 gbé iṣẹ́ ìṣọ́ ìtànṣán olóró lé lọ́wọ́. Kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn, ní Haúsá àti ní èdè Pidgin lórí rédíò, nítorí kì í ṣe gbogbo wa ló gbọ́ òyìnbó Abuja. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọn kò tíì mọ̀, kí wọ́n sì dá aago tí wọn yóò tún sọ̀rọ̀. Kí NAFDAC sọ oúnjẹ tí a lè jẹ àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ. Kí òṣìṣẹ́ èbúté rí ìwé àyẹ̀wò kí ó tó fọwọ́ kan ẹrù tó ti ibẹ̀ wá.

Lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, a ń béèrè pé kí wọ́n ka ìkéde náà sí etí gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà tí ṣíìfù bá ń yí. Bí ìjọba bá ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí wọ́n má yọ owó ọjọ́ náà lára owó oṣù wa.

Ohun tí àwa náà yóò ṣe

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti sọ fún wa pé, "Ìjọba kì í sọ òótọ́, WhatsApp ló yá." A kò ní kí ẹ di ojú gba ìjọba gbọ́. Chernobyl ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ìjọba gbọ́ tún gbọdọ̀ bi WhatsApp ní ìbéèrè kan náà: Ta ló sọ ọ́? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Ṣé àjọ mìíràn jẹ́rìí sí i? Èyí tí kò bá ní orúkọ àti ọjọ́, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ní Ajah láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti dé Abíjo. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ má gbé ohun tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ sọ fún èrò. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù ènìyàn fówó lé owó ọkọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe iyọ̀ ní oògùn. Kẹ́míkà áyódíìnì oníhóró wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn elétò ìlera nìkan ló lè sọ ìgbà tí a ó lò ó àti iye tí a ó lò. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà ní Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112.

Ní ti ẹ̀ka wa, a dábàá pé kí a yan aṣojú kan ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan tí yóò máa gba ìkéde láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé, tí yóò sì kà á sí etí gbogbo ènìyàn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, láì fi kún un, láì yọ kúrò. A ó gbé e síwájú yín láti dìbò sí i kí ìpàdé tó túká.

 Kí ẹgbẹ́ ó gbè wá o.