Omi Ẹsẹ̀ Ògiri

Ẹni tó bá ti lè kàwé díẹ̀, kó ka èyí sókè fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má kánjú. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ omi àti ilé ni a fẹ́ sọ. Bí mo bá bi yín pé, níbo ni omi ń gbà ba ilé jẹ́, púpọ̀ nínú yín yóò wo òkè. Ẹ ó ní òrùlé ló ń jò. Òótọ́ ni, òrùlé a máa jò. Ṣùgbọ́n omi òrùlé kò ṣòro láti mọ̀. Ó ń kán sórí ẹní, a ó dìde, a ó gbé igbá sí i. Omi tó ń wó ilé kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń gbà, ní ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Abúlé wa kò jìnnà sí Kétu. Ilé alámọ̀ ni ilé ìyá mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́, mo ra páànù tuntun. A ká koríko àtijọ́ kúrò lórí ilé, a kan páànù sí i. Inú ìyá mi dùn. Èmi náà ń yan kiri bí ẹni tó kọ́ ààfin. Òjò ọdún kìíní rọ̀, omi kankan kò kán sínú yàrá. Ní ọdún kejì, nínú oṣù kẹfà, ògiri ẹ̀yìn yàrá ìyá mi wó lóru. Inú ilé ló wó sí, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá mi kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Àbúrò mi obìnrin ti bímọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ìyá mi sì lọ ń bá a wẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ tuntun yẹn, n kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kan ní ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní páànù mi ló wúwo jù. Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó ti ń mọ ilé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó dé, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú amọ̀ láti òkè ògiri tó wó. Ó le bí òkúta. Ó mú ti ìsàlẹ̀, ó fún un lọ́wọ́. Ó rọ̀ bí ẹ̀bà. Ó wá bi ìyá mi pé:

“Ìyàwó, níbo lẹ ti ń wẹ̀ nínú ilé yìí?”

Ìyá mi nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Balùwẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ògiri yàrá gan-an la fi ṣe apá kan rẹ̀, kí a má baà ra páànù púpọ̀ láti fi yí i ká. Bàbá náà kò sọ ju ìyẹn lọ.

Ẹ mú gègé yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ènìyàn 6 ló wà nínú ilé wa. Olúkúlùkù ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Garawa 12 nìyẹn. Bí garawa kan bá gba lítà 15, omi ọjọ́ kan jẹ́ lítà 180. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di lítà 5.400. Àgbá ńlá tí a fi ń gbe omi òjò máa ń gba lítà 200. Àgbá 27 ni a ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ní oṣù kan! Ní ìhà Kétu àti Àjàṣẹ́, òjò a máa rọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù keje, a sì tún rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Láàárín wọn, ògiri a rí àyè gbẹ. Ìwẹ̀ kò ní ẹ̀ẹ̀rùn tirẹ̀.

Ẹ ti rí bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ṣe ń fa omi. Ó lè fà á dé orókún, nígbà mìíràn dé ìbàdí. Amọ̀ tó mu omi kò lágbára láti gbé ẹrù, bẹ́ẹ̀ òkè ògiri àti òrùlé sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ìyẹn omi tí ń já bọ́ láti etí òrùlé. Bí etí òrùlé bá kúrú, omi náà a bọ́ sílẹ̀ nítòsí ògiri, a ta padà, a sì máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní abúlé yín, ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ ògiri wọn ti tinrín ju òkè lọ.

Nítorí náà, ẹ yí ilé yín ká lọ́la. Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ó bá tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju ti òkè lọ, omi wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí iyọ̀ tó ń hó kúrò lára ògiri, omi ló gbé e jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un wò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó. Ẹ gbé balùwẹ̀ kúrò lára ògiri. Kó wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ilé lọ. Ẹ gbẹ́ kòtò fún omi rẹ̀, kí ẹ kó yangí tàbí òkúta sínú rẹ̀. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, yóò máa mu omi náà, ẹ̀yin yóò sì máa jẹ èso. Omi àwo fífọ̀ àti omi aṣọ pẹ̀lú, ẹ má dà á sí ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò omi mímu tí ń sun omi, ẹ gbé e kúrò lára ògiri.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó ilẹ̀ pupa sí ẹsẹ̀ ògiri yíká, kí ẹ lù ú kó le, kó sì máa dà sí ìta, kí omi lè máa sá fún ilé. Ẹ la ojú àgbàrá sí ìta rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbẹ́ amọ̀ tí ẹ ó fi tún ilé ṣe láti ẹ̀yìn ilé náà gan-an. Mo ti rí i níbi púpọ̀. Kòtò náà a di adágún, adágún a sì máa wọ ilé. Etí òrùlé, kó yọ kọjá ògiri tó gígùn apá kan. Ní ti páànù, orí ibi tó ga ni kí a kan ìṣó sí, kì í ṣe ojú ibi tí omi ń gbà. Kí rọ́bà wà lábẹ́ orí ìṣó.

Mo fẹ́ sọ ti sìmẹ́ńtì, nítorí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá rí owó díẹ̀ a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara ilé amọ̀ rẹ̀, yóò rò pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì àti amọ̀ kì í lè dì mọ́ra pẹ́. Sìmẹ́ńtì a sán, omi a gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ojú ògiri ń dán, inú rẹ̀ ń rà. Ẹ kan án bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, amọ̀ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Amọ̀ tí a pò mọ́ koríko tàbí ìgbẹ́ màlúù dára jù fún rírẹ́ ara amọ̀. Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan a máa se èèpo èso igi irú, wọn a fi omi rẹ̀ rẹ́ ògiri kí òjò má baà tètè wẹ̀ ẹ́. Ọdọọdún ni kí a máa tún un rẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Amọ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ Àkábà Ìdènà, ẹnu bodè àtijọ́ ní Kétu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí odò, tiyín le ju báyìí lọ. Ní ọdún 2010, ìkún omi wó ilé tó lé ní 50.000 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tuntun, ẹ fi òkúta gbé ìpìlẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àpò àgbàdo sórí pákó. Ẹ fi ọ̀rá di ìwé ìbí àwọn ọmọ yín, kí ẹ so ó kọ́ sókè.

Ó ku ohun kan, iṣẹ́ ìwé sì ni. Bí ògiri yín bá ti sán, ẹ mú èédú. Ẹ fa ìlà kékeré sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà wò ó. Bí sísán náà bá ti kọjá ìlà yín, ògiri ń rìn nìyẹn. Ẹ fi igi tì í, kí ẹ sùn síbòmíràn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ ilé mọ.

A ti tún ògiri yàrá ìyá mi mọ. Wọ́n wà ní kíláàsì àgbà báyìí. Ìlà èédú mẹ́rin wà lára ògiri ilé ìdáná wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ 7 kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo kà á.

Fún kíláàsì tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù ka iye garawa tí wọ́n ń dà sílẹ̀ nílé rẹ̀ lójúmọ́, kó ṣe ìṣirò ti oṣù kan, kó sì mú un wá. Ó dàbọ̀ o.