Ohun Tí A Rà àti Ohun Tí A Yá

Òfin Ìsìláàmù ya rírà sọ́tọ̀ kúrò lára yíyá. Ẹ fi èyí wo eré orí kọ̀ǹpútà tí ń sọ ìtàn ní ìpín-ìpín. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ Telltale ti Amẹ́ríkà gba owó ìpín mẹ́rin tí ó kẹ́yìn The Walking Dead lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ìpín kejì fi jáde, ó ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Skybound tí ó parí ìtàn náà ní 2019. Gbèsè ni ọjà tí a kò tíì ṣe! Ti Game Pass, tí Microsoft bẹ̀rẹ̀ ní 2017, yíyá ni: ọjọ́ tí owó oṣù bá tán, ilẹ̀kùn a tì. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí ń tọrọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ má ṣe wí pé òun fẹ́ ra eré. Kí ó wí pé òun yóò tún tọrọ ní oṣù tí ń bọ̀.