Ohun Tí Oscillator Kò Bá Gbé Wá: Ìrísí Ìgbì àti Ohùn Synthesizer

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: kí ló dé tí synthesizer kan náà fi ń dún bíi fèrè nísinsìnyí, tí yóò sì dún bíi gòjé láìpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ibì kan náà la tẹ̀ lórí rẹ̀? Ọ̀pọ̀ olórin yóò ní iṣẹ́ filter, ẹ̀yà tó ń sẹ́ ìró, ni. Èmi ní ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ìró tó dé ọ̀dọ̀ filter.

Oscillator ló ń bí ìró nínú ẹ̀rọ yìí. Iná inú rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Iye ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń pinnu bí ohùn ṣe ga tó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìrísí ìgbì, ló ń pinnu irú ohùn tí a ó gbọ́.

Joseph Fourier, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1822 pé a lè tú ìgbì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe palẹ̀ sí àkójọ ìgbì sine. Ooru ló ń kọ̀wé lé lórí, ṣùgbọ́n òfin náà kan ìró pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìró 110 Hz, ìyẹn ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ìgbì sine, 110 nìkan ló wà níbẹ̀. Súfèé sún mọ́ ọn. Ìgbì eyín ayùn ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń já lulẹ̀ lójijì. Yàtọ̀ sí 110 tó jẹ́ ìpìlẹ̀, ó tún kó 220, 330, 440 àti àwọn tó kù dání, bí a bá wo bí ìgbì wọn ṣe tóbi tó, ìkejì jẹ́ ìdajì ìpìlẹ̀, ìkẹta jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Abájọ tó fi ń ta létí. Okùn gòjé ń ṣe ohun tó jọ ọ́: igi tí a fi ń ta á dì í mú, ó fà á lọ, okùn sì já padà.

Ìgbì onígun mẹ́rin ń fo ọ̀kan, ó ń mú ọ̀kan: 110, 330, 550. Ohùn rẹ̀ dà bí ẹni pé inú rẹ̀ ṣófo, bíi ti klárínẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Àwọn ìró kan náà ló wà nínú onígun mẹ́ta, ṣùgbọ́n 330 kò ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìpìlẹ̀ lọ, 550 sì jẹ́ ìdá kan nínú 25. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo filter fúnra rẹ̀. Robert Moog àti olórin Herbert Deutsch ṣe synthesizer wọn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1964. Nígbà tí Minimoog dé ní 1970, oscillator mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, filter sì tẹ̀ lé wọn. Iṣẹ́ filter ni láti yọ lára ìró kúrò. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ kọjá igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yí filter wálẹ̀ lórí ìgbì sine: ohùn yóò kàn máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún eyín ayùn, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń pàwọ̀ dà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, synthesizer Yamaha DX7 ti 1983 ńkọ́, tó jẹ́ sine ló fi ń ṣiṣẹ́? Ìmọ̀ John Chowning ti yunifásítì Stanford ló wà nídìí rẹ̀: sine kan ń mi òmíràn, ìró tuntun sì ń yọ. Ibi tí ìgbì ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ti fi ìró kún un, kì í ṣe ìdí filter.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ẹ má sáré lọ sídìí filter. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìgbì kọ̀ọ̀kan lásán, kí etí yín dá a mọ̀. Ẹni tó bá yan ìgbì tó tọ́ ti ṣe iṣẹ́ náà dé ìdajì.