Oṣù Mẹ́sàn-án Tó Ìpalẹ̀mọ́

 

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìkúnlẹ̀ fi ń kéde ara rẹ̀. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló bá oyún àti ìbímọ lọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Iye yìí ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oògùn méjèèjì wà.

Fífi nǹkan falẹ̀ ló ń pa ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ti ń ya, wọ́n ṣì ń wá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù kó tó yọ̀ǹda. Ọkọ gbà tán, mọ́tò ò sí. Wọ́n dé ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n gba káàdì, kí wọ́n san owó sílẹ̀ ná. Obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́, tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé, ti wà nínú ewu kí ìrọbí tó mú un.

Ó ṣeé tún ṣe. Lọ́dún 2009, ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó: nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìlera ń tọ aboyún dé ilé, aboyún sì ní fóònù tó fi lè pè wọ́n.

Àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà níhìn-ín ńkọ́? Lọ́dún 2023, àkọsílẹ̀ CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí obìnrin adúláwọ̀ bí láàyè, ìyá tó kú lé ní 50. Ti aláwọ̀ funfun kò pé 15. Serena Williams, gbajúgbajà agbá tẹ́níìsì, bímọ lọ́dún 2017, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dì sóun lára. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú. Òótọ́ ni Serena sọ. Bí olókìkí bá rí báyìí, ta ni yóò gbọ́ ti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìséyìn?

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ìpàdé ọ̀sán yìí dìbò lórí ohun méjì. Èkíní, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan yan ìyá kan, pàápàá láti inú àwọn nọ́ọ̀sì wa, tí yóò máa bá aboyún lọ sí ọsibítù, tí yóò sì máa béèrè títí àwọn dókítà yóò fi dáhùn. Èkejì, owó ìkómọ tí à ń fi ránṣẹ́ sílé, ẹ jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ ṣáájú ọmọ dé, kó sì wọ àpò aboyún náà fúnra rẹ̀.