Ẹnu Kan, Iṣẹ́ Méjì: Thrombin Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé thrombin ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ́ńsáìmù yìí kan náà ló tún ń dá dídì ẹ̀jẹ̀ dúró, mo sì fẹ́ fi hàn yín pé bí ara rẹ̀ ṣe rí ló jẹ́ kó lè ṣe méjèèjì.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, kò sì lè ṣe é dáadáa láìsí fítámì K. Prothrombin ló ń jẹ́ nígbà náà, ásíìdì àmínò 579 tó so kọ́ra, kò sì lè gé ohunkóhun. Àfi bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya ni ẹ́ńsáìmù míì, factor Xa, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ pùrótéènì factor Va àti kálísíọ̀mù, yóò gé e di thrombin. Ní 1989, Wolfram Bode, Robert Huber àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì fi ìtànṣán X tú àwòrán rẹ̀ síta. Kòtò tóóró kan ni wọ́n rí, tó jìn, tí etí rẹ̀ ga débi pé kì í ṣe gbogbo pùrótéènì ló lè wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ásíìdì mẹ́ta tó ń gé nǹkan wà: histidine 57, aspartate 102 àti serine 195. Ṣùgbọ́n trypsin tó ń da oúnjẹ nínú ìfun náà ní mẹ́ta yìí, kì í sì í ṣàṣàyàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi thrombin ṣe ọ̀tọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà: ojú ìdìmú méjì, exosite I àti exosite II.

Exosite I ni kí ẹ fojú sí. Ibẹ̀ ni fibrinogen ń dì mú kí thrombin tó gé e di fibrin, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó ń hun ara wọn dí ojú ọgbẹ́. Àmọ́ lára iṣan tó dá ṣáṣá, pùrótéènì kan tó ń jẹ́ thrombomodulin wà, ibẹ̀ kan náà lòun náà ń dì mú. Tó bá ti gbà á, fibrinogen ò ráyè mọ́. Protein C ni thrombin yóò wá gé, tí yóò jí i dìde láti lọ ba factor Va àti VIIIa jẹ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ dídì ẹ̀jẹ̀ tí thrombin fúnra rẹ̀ ti jí tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé antithrombin, pùrótéènì míì nínú ẹ̀jẹ̀, ni olùdádúró gidi. Òótọ́ ni pé ó ń pa thrombin lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí láìní protein C rárá, ẹ̀jẹ̀ á máa dì sínú àwọn iṣan kéékèèké awọ ara rẹ̀ bó tilẹ̀ ní antithrombin. Ẹ̀rí tó tún lágbára jùyẹn lọ wà: nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ásíìdì méjì péré, 215 àti 217, agbára thrombin láti gé fibrinogen dín kù ní ìlọ́po tó ju 10,000 lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí thrombomodulin wà níbẹ̀, agbára rẹ̀ lórí protein C dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po méje péré. Nínú ara ọ̀bọ, ńṣe ni thrombin alátùn-únṣe yìí ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀.

Kí ló wá dé tí dókítà tún ń fún èèyàn lóògùn tó ń de thrombin? Nítorí pé nínú iṣan ńlá, thrombomodulin kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá. Bivalirudin, tí wọ́n wo ohun tí eṣúṣú ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ṣe, ń dí kòtò thrombin àti exosite I pa pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń la iṣan ọkàn tó dí. Thrombin náà kò sì yéé gé oògùn yìí díẹ̀díẹ̀. Ó wà lára ìdí tí ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25.