Ìwé Tí Ó Yẹ Kí A Kọ Nígbà Tí Orí Wa Ṣì Pé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀kọ́)

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó àyálò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ni. Púpọ̀ nínú wa ló ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó wa lẹ́hìn ikú sínú ìwé ẹgbẹ́. Òfin ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ ti 1993 fàyè gba èyí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá yan ẹnikẹ́ni, ìgbìmọ̀ ni yóò máa wá ẹni tí í ṣe ajogún kiri, ibẹ̀ ni ìjà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú nìkan kọ́ ló ń mú owó ènìyàn há. Àìsàn pẹ̀lú ń mú un há.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń fi owó pamọ́ láti 20 ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé ìfowópamọ́ wá bá akápò, ó ní, "Akápò, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ mi ni bàbá àwọn ọmọ mi kọ síbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a yàn láti gba owó òkú kò ní àṣẹ lórí owó alààyè. Bí akápò bá sanwó, àwọn ọmọ lè padà wá bi í. Bí kò bá san, aláìsàn wà nílẹ̀.

Kí ni a lè ṣe ṣáájú? Èkíní ni ìwé àṣẹ aṣojú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní páwà ọ́fù àtọ́nì. Nínú rẹ̀ ni a ti ń yan ẹni tí a fọkàn tán láti máa gba owó, láti máa san owó, àti láti máa bójú tó ilé wa. Bí ó bá kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìjọba. A lè yan ẹni méjì kí wọ́n jọ máa fọwọ́ sí i. A sì lè gba àṣẹ náà padà nígbà tí orí wa bá pé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Lábẹ́ òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ yìí a máa parí nígbà tí iyè ẹni tí ó fúnni bá ti rà pátápátá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti tún èyí ṣe ní ilẹ̀ wọn pẹ̀lú òfin 1985, àti pẹ̀lú irú ìwé mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Nítorí náà, bí ọmọ yín tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá ní ti ọ̀hún kì í parí, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún ni. Níhìn-ín, bí iyè bá ti lọ, ilé-ẹjọ́ gíga ni a ó lọ bẹ̀ kí ó yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ohun ìní aláìsàn. Ìyẹn ń gba àkókò, ó sì ń gba owó.

Nítorí èyí ni a fi ń rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé gbogboogbò, pẹ̀lú ọ́fíísà àfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń bójú tó o. Ǹjẹ́ a lè fi í sínú òfin ẹgbẹ́ wa pé, bí àìsàn bá dá ọmọ ẹgbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹgbẹ́ yóò máa san owó ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn tààrà láti inú owó rẹ̀?

Èkejì ni ìwé ìhágún. Orí ẹni gbọ́dọ̀ pé nígbà tí a bá ń ṣe é. A ó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i. Kí ẹni tí a fún ní nǹkan nínú rẹ̀ má ṣe ẹlẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pàdánù rẹ̀. Kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà má ṣe é. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé há fúnni. Ẹ rántí pé lábẹ́ àṣà wa, aya kì í pín nínú ogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń pín in, ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ kí aya òun rí nǹkan dì mú, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ìbátan tí a kọ sí báńkì kò sọ ẹni náà di ajogún.

Ẹni tí kò mọ ìwé kà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Òfin sọ pé ẹni tí ó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ ìka sórí ìwé òfìfo fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú yín.

Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa wo orúkọ ẹni tí ó yàn, bóyá ó ṣì wà láàyè. Kí a kọ gbogbo ohun tí a ní àti gbèsè tí a jẹ sílẹ̀. Kí a sì rí lọ́yà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.