Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lu Fáìlì Igbó

 

Ẹ̀yin ọmọ wa tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, nígbà tí àwa ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó, gẹdú ni wọ́n fi ń ṣírò owó inú rẹ̀. Lóde òní, igi tó wà lórí ìdúró náà ti dọjà. Ilé-iṣẹ́ tó ń tú èéfín sójú ọ̀run níbì kan yóò sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ igbó níbòmíràn, yóò sì ní òun ti san gbèsè òun. Mo fara mọ́ ọjà náà, bí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá péye. Ṣùgbọ́n ní 2023, olùwádìí Thales West àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí iṣẹ́ ìdáàbòbò igbó 26 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà; Zambia, Tanzania àti Peru wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò dín ìparun igbó kù débi tó ṣeé tọ́ka sí. Ohun tí àwọn tó dín in kù pàápàá ṣe kéré gan-an sí ohun tí wọ́n kéde.

Kì í ṣe igi ni wọn kò mọ̀ ọ́n wọ̀n o. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹ ó na téèpù yí i ká ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀, ẹ ó wo bí igi náà ṣe le tó, ẹ ó ṣírò. Díẹ̀ ló kù kí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà nínú ọjà yìí tó ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ. Wàhálà wà nínú ìbéèrè mìíràn: ká ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ igbó yìí, èló nínú rẹ̀ ni wọn ì bá ti gé? Nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò náà, ẹni tó ń tajà ló dáhùn ìyẹn fúnra rẹ̀, bó bá sì ṣe pariwo ìparun tó ni ọjà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. West àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa ilẹ̀ igbó mìíràn tó jọ igbó tí wọ́n ń ṣọ́, tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọ́n wá ń wo méjèèjì pọ̀ lọ́dọọdún.

Wàhálà náà kò mọ síbẹ̀. Agégẹdú ńkọ́? Ẹ lé e níhìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ lọ sọ́hùn-ún. Iná ńkọ́? Ní 2021, iná Bootleg ní Oregon, Amẹ́ríkà, jó igbó tí wọ́n ti ta kábọ́ọ̀nù rẹ̀.

Láìpẹ́, ẹnìkan yóò gbé fáìlì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá yín pé kí ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ ní kó mú àwòrán sátẹ́láìtì ọdún mẹ́wàá ṣáájú wá, ti igbó náà àti ti àyíká rẹ̀. Ẹ bèèrè igbó tó fi ṣe ìfiwéra, kí ẹ gun ọ̀kadà débẹ̀ fúnra yín. Bó bá ní kò sáyè, ẹ dá fáìlì ẹ̀ padà fún un. Ebi kò ní pa yín.